Mo yáwó lọ́wọ́ ẹni tí mi ò mọ̀, mo sì yá ẹni tí mi ò mọ̀ lówó

Àtàǹpàkò mi ni fóònù kọ́kọ́ kọ̀ nígbà tí mo fẹ́ forúkọ sílẹ̀ ní ìkànnì kan tí wọ́n ti ń yáwó. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Mo nu ọwọ́ mọ́ ìró, mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún kọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó tì mí ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n wo ọwọ́ yẹn." Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó bú sẹ́rìn-ín. Ìlà ti tán lórí ìka mi. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń ki ọwọ́ bọ omi sódà. Ìgbà mìíràn mo máa ń wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ìgbà mìíràn ó ti ya, oníbàárà sì ń dúró. Ojú mi la padà fi ṣe é. Mo dúró sínú oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró, fóònù ní kí n yíjú sọ́tùn-ún, kí n yíjú sósì, kí n ṣẹ́jú. Mo ṣẹ́ ẹ. Ó ní òun ti mọ̀ mí.

Ìkànnì tí mo ń sọ yìí, ibi tí ẹnìkan ti ń yá ẹnìkejì lówó láìsí báńkì láàárín ni. Ẹ má bínú, mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹjọ́ mi ṣì wà lọ́dọ̀ wọn, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé bí òun bá sá fún ọ̀kan, òun ti bọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí ó ṣe rí lára mi nígbà tí mo jẹ́ ajigbèsè níbẹ̀, àti bí ó ṣe rí nígbà tí mo di olówó níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò jọra rárá.

Àdìrẹ ni mò ń ṣe, oníko àti ẹlẹ́kọ, mo sì ń ṣe kàmpálà, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun níbí, ní Òṣogbo ìlú aró. Oṣù kan wà tó ń bọ́ oṣù mọ́kànlá tó kù fún àwa tí a ń ṣe irú iṣẹ́ yìí: oṣù kẹjọ, tí ọdún Ọ̀ṣun máa ń bọ́ sí. Igbó Ọ̀ṣun ti wà nínú ìwé UNESCO láti 2005, àlejò sì ń wá láti ibi tí ẹsẹ̀ mi ò lè dé. Mùsùlùmí ni mí, mi ò bá wọn dé etí odò, ṣùgbọ́n ẹni tó wá bọ Ọ̀ṣun ń raṣọ, owó rẹ̀ kò sì lẹ́sìn. Kí aṣọ tó lè délẹ̀ lóṣù kẹjọ, téérù, aṣọ funfun tí a ń rẹ láró, gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ mi láti oṣù kẹfà. Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Mo ní àjọ. Àwa méjìlá là ń dá a, ₦25,000 lóṣù, ẹni tó bá kàn á kó ₦300,000, kò sí èlé kọ́bọ̀ kan. Àmọ́ oṣù kọkànlá ni tèmi. Mo tọ ìyá alájọ lọ pé kó bá mi pààrọ̀ pẹ̀lú ẹni tó ni oṣù kẹfà. Ó wò mí, ó ní, "Ìyá Ìbejì, òkú ìyá rẹ̀ ló fẹ́ fi owó yẹn sin." Ẹnu mi wọ̀.

Ó ku gbọ́mú-lé-láńtà, owó tí wọ́n ń yá àwa obìnrin ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́. Mo gba irú ẹ̀ rí ní 2017. Mi ò ní túmọ̀ orúkọ yẹn fún yín. Obìnrin tó bá ti gbà á rí mọ ibi tó ti ń jó òun. Gbogbo ọjọ́ Túsídeè la máa ń pàdé, àwa mẹ́wàá, bí ẹnìkan ò bá rówó mú wá, gbogbo wa ni yóò jókòó. Ọjọ́ kan wà tí wọ́n dá wa jókòó títí wọ́n fi kírun Ìṣáà, nítorí ẹlẹ́pọ kan tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. A dá owó náà fún un nígbẹ̀yìn. Mo búra lọ́jọ́ náà pé mi ò ní padà. Ti sọ́gùndogójì ọjà, ẹ ti mọ̀: ọkùnrin kan ní kí n gba ₦300,000, kí n san ₦450,000 lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí n sì fi ẹ̀rọ ìránṣọ mi dúró. Mo ní mo gbọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́nà Ọlá-Ìyá, ló wá sọ fún mi nípa ìkànnì yìí. Ó ní, "Mọ́mì, kì í ṣe owó ilé-iṣẹ́ o. Owó èèyàn bíi tiyín ni. Àwọn kàn ń so ẹni tó ní mọ́ ẹni tó ń wá." Mo ní àjọ ni nígbà náà. Ó ní ó jọ àjọ, àfi pé ẹ ò mọ ara yín. Gbólóhùn yẹn ni ó yẹ kí n dúró lé lórí, ṣùgbọ́n téérù ló wà lójú mi.

Wọ́n gba BVN mi, wọ́n gba NIN, wọ́n gba ìwé àkáǹtì oṣù mẹ́fà láti báńkì, àwòrán ibi iṣẹ́, àti nọ́ńbà oníduró méjì. Mo fi orúkọ àbúrò ọkọ mi sílẹ̀, Alfa, àti ti ìyá kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Wọ́n wá fún mi ní kíláàsì C. A ni ẹni tó ń gbowó oṣù, tó ti yáwó rí, tó sì san án. E ni ẹni tí wọn ò fẹ́ rí. Èmi tí ìdajì oníbàárà mi ń san káàṣì, kí ni báńkì mọ̀ nípa mi? Ẹni tó bá fẹ́ yá mi lówó kò ní rí orúkọ mi, kò ní rójú mi. Ohun tó máa rí ni: Aláró. Obìnrin. Òṣogbo. C. ₦300,000. Oṣù mẹ́fà. Àti ìwọ̀n ọ̀rọ̀ tí o bá fẹ́ fi ṣàlàyé. Ọmọ náà ti ń to òyìnbó jọ, mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́: mo fẹ́ ra búńdù téérù méje ní ọjà Gbági, Ìbàdàn, n óò rẹ ẹ́ láró, n óò tà á lọ́dún Ọ̀ṣun, n óò sì san owó yín.

Ìlà aláwọ̀ ewé kan wà lójú fóònù tó ń kún bí omi ṣe ń kún ìgò. Láago mẹ́jọ alẹ́ la gbé ìkéde náà síta. Kí n tó sùn, ó ti kún dé ìdá kan nínú márùn-ún. Mo jí fún Àsùbáà, mo kọ́kọ́ wo fóònù kí n tó ṣe àlùwàlá, kí Ọlọ́run má bínú sí mi. Lẹ́yìn Àsárì ọjọ́ kejì, ó kún. Èèyàn mẹ́tàlélógún ni. Ẹni tó kéré jù mú ₦5,000 wá, ẹni tó pọ̀ jù mú ₦40,000. Ẹnìkan nínú wọn kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ owó tirẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́, Mọ́mì. Ìyá tó bí mi náà ń rẹ aṣọ láró." Mi ò mọ ẹni náà dòní. Nínú gbogbo owó tí mo ti yá láyé mi, ìyẹn nìkan ni owó tó kí mi.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń yáwó, mo lè sọ ọ́ níwájú ẹnikẹ́ni pé ibẹ̀ dára. Kò sí ìpàdé, kò sí ọ̀gá kankan tí wàá máa dọ̀bálẹ̀ fún. Nínú búńdù méje, márùn-ún ti tà kí ọdún Ọ̀ṣun tó parí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò. Èlé náírà mẹ́rin lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mẹ́rin kéré létí. Lórí ₦300,000, ₦12,000 ni. Ojú owó tí mo ní láti dá padà lóṣù jẹ́ ₦50,000. Ẹ pa á pọ̀: ₦62,000 lóṣooṣù, ìgbà mẹ́fà, ₦372,000. Kí owó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ti yọ ₦9,000 tí wọ́n pè ní owó iṣẹ́, ₦291,000 ló wọ àkáǹtì mi. Títí dé ibẹ̀, mi ò rí ohun tó burú. Ìgbà kẹfà tí mo fẹ́ san án ni ojú mi là. Nígbà náà, mo ti dá ojú owó padà nígbà márùn-ún, ₦50,000 péré ló kù lọ́wọ́ mi nínú owó onówó. Síbẹ̀, ₦12,000 yẹn náà ni wọ́n gbà ní èlé, bí ẹni pé odindi ₦300,000 ṣì wà nínú àpò mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ ẹ́ sí kọ̀ǹpútà, ó ní bí a bá wo iye tó wà lọ́wọ́ mi gan-an lóṣù kọ̀ọ̀kan, náírà méje àbọ̀ lórí ọgọ́rùn-ún ni mo san, kì í ṣe mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà ayé àtijọ́ ló sọ sí mi lọ́kàn, tó ń fi oko olówó tó ń ro san èlé, tí ojú owó sì wà níbi tó wà. Tiwa sàn díẹ̀: ojú owó ń dín, èlé ni kò gbọ́ pé ó ń dín.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, ìbéèrè kan ni kó bi wọ́n: ṣé lórí ohun tó kù lọ́rùn mi lẹ ó máa ka èlé, àbí lórí ohun tí mo gbà lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Bí wọ́n bá ń to òyìnbó gígùn lé e lórí, ti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni.

Ohun kejì tó dùn mí ṣẹlẹ̀ lóṣù kọkànlá. Ọjọ́ kẹsàn-án ni mò ń san. Mo fi owó ránṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ kẹjọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbé e há: ó kúrò lọ́dọ̀ mi, kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Gbogbo wa la mọ irú ẹ̀. Mo tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí wọn, ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn. Ní ọjọ́ kọkànlá, wọ́n ti fi ₦1,500 kún un, ọmọbìnrin kan sì ti pe Alfa níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú. "Ṣé ẹ mọ obìnrin kan tó jẹ gbèsè tó ń sá?" Ọjọ́ méjì péré! Owó náà padà wọlé fún wọn lọ́jọ́ kejìlá, wọn ò dá ₦1,500 padà. Mo ti gbọ́ pé FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, gbé ìlànà jáde ní 2022 pé kí àwọn ayánilówó orí fóònù wá forúkọ sílẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe ń dójú ti èèyàn. Ní 2023, Google náà kọ̀ fún áàpù ìyáwó láti máa wọ inú ìwé nọ́ńbà ẹni. Ó dáa. Àmọ́ èmi ni mo fún wọn ní nọ́ńbà Alfa, mi ò lè ní wọ́n jí i.

Alfa wá sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò pariwo. Ó jókòó, ó mu omi, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹni tó gba ribá, ìyẹn èlé, ẹni tó san án, ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn tó ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀, bákan náà ni wọ́n rí. Ẹ wá fi mí ṣe oníduró fún un." Mo wolẹ̀. Kò sí irọ́ kankan tí mo lè pa níbẹ̀.

Ẹ má bi mí bí mo ṣe wá di olówó lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn. Mo parí gbèsè lóṣù kejìlá, wọ́n gbé mi sí kíláàsì B, wọ́n sì tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí mi pé ìwọ náà lè jẹ́ kí owó rẹ ṣiṣẹ́. Owó àjọ mi ti bọ́ sọ́wọ́ lóṣù kọkànlá. Mo yọ ₦144,000 nínú rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé èèyàn mẹ́tàlélógún ló ṣe mí lóore, èmi náà á ṣe é fún ẹlòmíràn. Irọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Èlé náà wù mí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má kó o fún ẹnìkan, kí n fọ́n ọn. Èèyàn méjìlá, ₦12,000 fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, oṣù mẹ́fà. Mo yan wọn bí ẹni ń yan tòmátì: alábúrẹ́dì kan ní Ìlọrin, télọ̀ kan ní Abẹ́òkúta, káfíńtà, olùkọ́, ọmọ kan tó ń sin ìlú, ẹnìkan tó ń ta fóònù ní Ìbàdàn, òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní Àbújá tó jẹ́ kíláàsì A, àti ẹnìkan ní Òṣogbo níbí tó ń ta oúnjẹ adìyẹ, kíláàsì C bíi tèmi. Ó kọ ọ́ pé àgbàdo ti wọ́n, òun fẹ́ ra á sílẹ̀ kó tó tún gbówó lórí sí i. Mo ní, ọmọ ìlú mi ni, ó sì mọ ohun tó ń ṣe.

Mẹ́sàn-án san án tán. Alábúrẹ́dì yẹn máa ń san án ní ọjọ́ kan ṣáájú ọjọ́ rẹ̀, Ọlọ́run á bù sí i fún un. Òṣìṣẹ́ ìjọba kíláàsì A kò san kọ́bọ̀. Kódà oṣù kìn-ín-ní kò san. Ẹni tó ń ta fóònù san lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ọmọ ìlú mi san lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́.

Ìṣirò tún dé. Ẹni tó bá san dáadáa, ₦2,480 ló ń mú wá lóṣù. Ìkànnì á yọ ₦48 nínú èlé, ₦2,432 á kàn mí. Mẹ́sàn-án tó san án tán dá ₦131,328 padà fún mi. Àwọn tó dákẹ́ dá ₦7,296 padà kí wọ́n tó dákẹ́. Àpapọ̀, ₦138,624. Mo kó ₦144,000 síta. Wọ́n ti sọ fún mi pé bí gbogbo wọn bá san, n óò jèrè ₦31,104. Dípò kí n jèrè, mo pàdánù ₦5,376.

Ó dáa, òwò ni, òwò a máa jẹ owó. Ohun tó jẹ́ kí inú bí mi ni ti àwọn tó ni ìkànnì. Nínú ₦12,000 kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti yọ ₦360 kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tó yá a. Èèyàn méjìlá, ₦4,320. Ẹ fi ₦48 ìgbà mẹ́tàdínlọ́gọ́ta kún un, ₦2,736. Wọ́n pa ₦7,056 lórí owó tí mo pàdánù sí. Yálà ẹnìkan san, yálà kò san, tiwọn ti wọlé. Ìyá alájọ wa, bí ẹnìkan bá sá, òun ni yóò kọ́kọ́ wọkọ̀ lọ wá onítọ̀hún, torí a ó kọrí sí ilé tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni ìkànnì kọ sí mi: a ti fi ọ̀rọ̀ náà lé àwọn agbowó lọ́wọ́, ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n bá rí gbà ni yóò jẹ́ tiwọn. Láti ìgbà náà, alẹ́ẹ̀tì kan kò dún.

Bí mo bá jẹ́ báńkì ni, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Láti 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ti ṣe ètò kan tó jẹ́ kí báńkì tó yá ọ lówó lè fa owó rẹ̀ yọ nínú àkáǹtì èyíkéyìí tó bá so mọ́ BVN rẹ, ì báà jẹ́ ní báńkì mìíràn. Ìyá aláró tó yá èèyàn ní ₦12,000 kò sí nínú ètò yẹn.

Ìyá ọkọ mi máa ń sọ ìtàn àwọn òṣómàálò, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ kiri, tí wọ́n ń tà á láwìn. Bó bá di ọjọ́ ìsanwó, oníṣòwò náà á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ, á ní báyìí lòun máa wà títí òun á fi gbowó òun. Àwọn aládùúgbò á máa kọjá. Àwọn ọmọ á máa wò ó. Kò ní lù ọ́, kò ní bú ọ, ó kàn lóṣòó ni. Ṣáájú tiwọn, ológò wà, tí olówó máa rán wá jókòó sínú agbolé, tí yóò máa pa adìyẹ onílé jẹ títí gbèsè yóò fi tán. Mo máa ń gbọ́ ìtàn wọ̀nyẹn bí ìwà ìkà. Nígbà tí ọmọbìnrin yẹn pe Alfa, òṣómàálò ni mo pè é, mo sì fi ṣépè. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, mo jókòó sórí àpótí nídìí aró, mò ń wo fóònù, ó ń wù mí kí ẹnìkan lọ bá mi lóṣòó ní Àbújá. Nígbà tí mo jẹ gbèsè, òfin ni mo fẹ́. Nígbà tí wọ́n jẹ mí, òṣómàálò ni mo ń wá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan tán láìwá ìdí rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wá sọ fún mi pé méjì nínú àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ irú ìkànnì yìí gan-an ti kúrò nídìí ẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ilé-iṣẹ́ Zopa ti kọ́kọ́ dá a sílẹ̀ ní 2005. Prosper bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2006, LendingClub tẹ̀ lé e. LendingClub ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn mẹ̀kúnnù tó ń yáni lówó níbẹ̀ ní ìparí 2020, Zopa ṣe tirẹ̀ ní ìparí 2021. Àwọn méjèèjì di báńkì. Mo ní kó tún un sọ. Wọ́n ní báńkì kò dáa, wọ́n ní kí ara wa máa yá ara wa, nígbà tó yá àwọn náà di báńkì. Ó ní Kiva ṣì wà, tiwọn yàtọ̀: láti dọ́là díẹ̀ lèèyàn lè yá aláìní lówó, ojú owó nìkan ló sì máa gbà padà, kò sí èlé fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń pín owó náà ń gba tiwọn lọ́wọ́ ẹni tó yá a. Èyí ni n bá sọ fún Alfa. Alfa kò tíì gbọ́ pé mo yá èèyàn lówó, kò sì gbọ́ pé owó náà dín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un.

Ìkànnì tí mo ti yáwó yìí ní ibi pàṣípààrọ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè pẹ̀lú, mo sì lò ó lẹ́ẹ̀mejì. Oníbàárà mi kan ní Lọ́ńdọ̀nù jẹ mí ní £180. Ẹnìkan wà ní Nàìjíríà tó ń wá pọ́n-ùn láti san owó ilé-ìwé ọmọ. Oníbàárà mi san pọ́n-ùn sí àkáǹtì ti ọkùnrin náà lọ́hùn-ún, ìkànnì sì ti gba náírà ọkùnrin náà mọ́wọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ní òun ti rí pọ́n-ùn, wọ́n tú náírà sílẹ̀ fún mi. Kò gba ogójì ìṣẹ́jú. Ẹ̀kọ́ ńlá ni: ẹnìkẹta di owó mú, kò sẹ́ni tó lè sá. Ìgbà kejì, náírà náà kò gba ọ̀dọ̀ wọn, tààrà ló ti wọ àkáǹtì mi, orúkọ ẹni tó fi í ránṣẹ́ sì yàtọ̀ sí orúkọ ẹni tí mo bá dúnàádúrà. Mo ní owó náà sáà ni. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, báńkì ti àkáǹtì mi pa. Wọ́n ní ẹnìkan ti fẹjọ́ sùn pé olè ló gbé owó náà. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi lọ, tí mo fi bọ̀ ní báńkì, pẹ̀lú ìwé ìtajà àti àwòrán aṣọ, kí wọ́n tó tú u. Lẹ́tà tín-ín-rín kan wà nísàlẹ̀ áàpù tó ti kìlọ̀: bí orúkọ bá yàtọ̀, ẹ dá owó padà. Mi ò fi awò kà á. Ẹ̀bi tèmi ni ìyẹn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta owó orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi bitcoin ti mọ irú ìyà yìí láti 2021, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ ní kí báńkì ti àkáǹtì wọn, tí wọ́n fi bọ́ sọ́wọ́ ara wọn, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹni tí kò mọ̀. Ìparí 2023 ni wọ́n tó tú òfin náà sílẹ̀.

Bí ẹ bá ní kí n fún wọn ní ìràwọ̀: mẹ́rin nínú márùn-ún fún ẹni tó ń yáwó, tó bá ti bi wọ́n ní ìbéèrè tí mo sọ lókè, tí kò sì fi nọ́ńbà àna rẹ̀ sílẹ̀. Mẹ́ta fún pàṣípààrọ̀, bí owó bá gba ọwọ́ wọn kọjá. Ọ̀kan fún ẹni tó ń yáni lówó, ọ̀kan yẹn náà, alábúrẹ́dì Ìlọrin ni mo fún. Ní ti èmi, mo ti padà sí àjọ. Mo bẹ ìyá alájọ, ó ti fún mi ní oṣù karùn-ún lọ́dún tó ń bọ̀.

Ohun kan ló kù tí kò jẹ́ kí n gbàgbé. Ìkànnì kò jẹ́ kí n mọ orúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ìlú síbẹ̀. Ọmọ ìlú mi tó ń ta oúnjẹ adìyẹ, Òṣogbo níbí ló wà. ₦12,000 tèmi ló fi ra àgbàdo. Ó ṣeé ṣe ká ti wọ kẹ̀kẹ́ kan náà rí láti Gárèjì Àtijọ́, kí n ti bá a ṣún jókòó.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, mo lọ ra kọ́sítíìkì lọ́jà Ìgbọ́nà. Ìsọ̀ oúnjẹ adìyẹ mẹ́rin ló tò tẹ̀lé ara wọn lápá ibẹ̀. Níwájú ẹ̀kẹta, ọkùnrin kan jókòó sórí àpò àgbàdo, kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, ó ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀. Àpò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ. Ó rí mi tí mo dúró, ó rí ọwọ́ mi, ó ní, "Ẹ káàsán, Ìyá Aláró. Kí lẹ fẹ́ rà?"

Mi ò sin adìyẹ kan. Mo bi í pé èló ni àpò kan.